Kí ikán tó jẹ ìtàn àwọn yunifásítì wa tán

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ti igbá nìyẹn. Ìwé ní tiẹ̀, ikán ń jẹ ẹ́, òjò sì ń pa á. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àwọn yunifásítì wa kọ́gbọ́n lára Howard University tó wà ní Washington, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ọdún 1867 ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí oko ẹrú dópin lórílẹ̀-èdè náà. Olóògbé Nnamdi Azikiwe kàwé níbẹ̀ kó tó lọ sí Lincoln. Láti àwọn ọdún 1920 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ti ń tẹ yearbook tí wọ́n ń pè ní The Bison, tí fọ́tò àti orúkọ àwọn tó ń jáde máa ń wà nínú rẹ̀. Yunifásítì náà ti kó àwọn ìwé àtijọ́ wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni ẹnikẹ́ni ń kà wọ́n.

Kì í ṣe ẹ̀rín àti kóòtù nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́dún 1966, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yan Robin Gregory, tó fi irun rẹ̀ sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a, ní ọbabìnrin ayẹyẹ wọn. Ní oṣù kẹta ọdún 1968, wọ́n gba ọ́fíìsì àwọn aláṣẹ, wọ́n ní ìtàn aláwọ̀ dúdú làwọn fẹ́ kọ́. Ẹni tó bá fi ìwé àwọn ọdún 1950 wé ti 1970 yóò rí ìyípadà náà lórí irun wọn.

Nílẹ̀ wa, ọdún 1948 ni ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀, 1962 ni ti Ifẹ̀ àti Èkó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Àwọn tó kù ti darúgbó. Àwọn kan lè ní yunifásítì tí kò níná, tí kò lómi, kí ló kàn án kan fọ́tò àtijọ́? Ọ̀rọ̀ gidi ni, ṣùgbọ́n iná lè dé lọ́la, ikú kì í dúró dè é. Ẹ̀rọ lè da fọ́tò kọ, kò lè mọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Àgbà ló mọ̀ ọ́n.

Kí àwọn yunifásítì lọ bá àwọn àgbà wọ̀nyí nílé, kí wọ́n da ìwé wọn kọ, kí wọ́n sì dá a padà fún wọn. Kí ọmọ tó ní irú òbí bẹ́ẹ̀ mú bírò, kó béèrè orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àsìkò tó láti ṣe é nìyí.