Èkó sí Àkúrẹ́: Bàálù ìṣẹ́jú 45 tó ń gba odidi ọjọ́ lọ́wọ́ èrò

Bí èèyàn bá fi okùn wọn ilẹ̀ tààrà láti pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà dé ti Àkúrẹ́, nǹkan bíi kìlómítà 230 ni. Bàálù kì í sábà lò ju ìṣẹ́jú 45 sí 50 lọ. Ẹni tó bá gba orí ilẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀nà Orè àti Oǹdó ni tàbí ti Ìbàdàn àti Iléṣà, yóò rin ohun tó lé ní kìlómítà 300, wákàtí márùn-ún sì lè má tó o.

Lórí ìwé, bàálù ti borí. Àmọ́ ẹni tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Bàálù ńlá tó ń sá kìlómítà 800 ní wákàtí kan ìbá dé Àkúrẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 17, ká ní eré yẹn ló ń sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n kò ní í tíì gòkè tán tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Àkókò tó fi ń rìn lórí ilẹ̀ kó tó gbéra, àti èyí tó fi ń dúró de àwọn tó wà níwájú rẹ̀, wà nínú ìṣẹ́jú 45 náà. Ìdí nìyí tí bàálù kékeré tí kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀ kì í fi pẹ́ lẹ́yìn ti ńlá lójú ọ̀nà yìí.

Ohun tó ń dá èrò dúró gan-an ni oòrùn. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kéékèèké ní Nàìjíríà, tí Àkúrẹ́ náà sì ti wà lára wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í gba bàálù lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, nítorí iná ojú ọ̀nà bàálù. Bàálù kan náà ló sì ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn látàárọ̀. Bí ọyẹ́ bá dá a dúró ní wákàtí méjì láàárọ̀, gbogbo ìrìnàjò tó kù lọ́jọ́ náà ló máa pẹ́. Èyí tó yẹ kó gbéra ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yóò di aago mẹ́fà, kò sì ní í bá ìmọ́lẹ̀ ní Àkúrẹ́ mọ́. Wọ́n á fagi lé e nìyẹn.

Ẹ wo ẹni tó ń lọ síbi àìsùn òkú bàbá rẹ̀. Láti Ajah ló ti kúrò nílé ní aago mọ́kànlá, torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Aago mẹ́fà ti lù, ó ṣì wà ní Ìkẹjà, ta ni yóò sì fẹ́ gba ọ̀nà Orè lóru pẹ̀lú ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé?

Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń náwó sórí pápákọ̀ tuntun. Èkìtì ṣí tirẹ̀ ní 2022. Iná fún àwọn tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ìbá ṣe àwọn èrò lóore jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òfin àjọ NCAA sọ pé bí ìdádúró ìrìnàjò abẹ́lé bá ju wákàtí méjì lọ, èrò lè gba owó rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n owó yẹn kò lè gbé ọmọ olóòkú dé Àkúrẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.