Fún Àwọn Ìyá Ilé: Ìtàkùn Inú Pálọ̀

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí lè dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó wà ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ó sì ní ọ̀nà méjì tí ó lè gbà mú ìyọnu bá àwọn ọmọ wa bí a kò bá kíyèsí i. Èyí ni ìtàkùn tí ewé rẹ̀ rí bí ọkàn, tí àwọ̀ tí ó pọ́n bí ìyeyè ta sí lára káàkiri, tí a máa ń gbé ka orí tábìlì tàbí kí a so ó kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí ó lè máa fà wálẹ̀. Àwọn tí ń tà á lẹ́bàá títì ń pè é ní money plant. Àwọn Òyìnbó mìíràn ń pè é ní pothos. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko ni Epipremnum aureum. Erékùṣù Mo'orea nínú Òkun Pàsífíìkì ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti tàn ká ilẹ̀ olóoru débi pé a ń rí i tí ó ń gun igi nínú ọgbà wa. Ẹni tí ó bá rí i lórí igi lè má mọ̀ pé òun náà ni ó wà nínú agolo ní pálọ̀, nítorí bí ó bá ń gun òkè, ewé rẹ̀ a máa fẹ̀ gbàràgàdà. Bí ó bá sì ń fà wálẹ̀, ewé rẹ̀ a máa kéré sí i.

Ní ti àwọn tí ń sọ pé bí ó bá ti ń gùn sí i ni owó ń wọlé, àwa kò tí ì rí owó náà. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àwọn kan tilẹ̀ ní èyí tí a jí gé nínú ọgbà ẹlòmíràn ni ó ń mú owó wá jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tọrọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fi í dù yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tí ó gbà pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Inú àpótí tí a sé pa ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán an wò ní ọdún 1989. Nígbà tí àwọn onímọ̀ mìíràn ṣírò rẹ̀ ní ọdún 2019, wọ́n rí i pé yóò gbà tó ewéko 10 sí 1,000 lórí mítà onígun mẹ́rin kan kí ó tó lè ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ ń ṣe. Ẹ ṣí fèrèsé yín.

Ewéko yìí kò ṣòro í tọ́jú. Ohun tí ń pa á jù ni àánú, èyíinì ni omi àpọ̀jù. Bí erùpẹ̀ inú ìkòkò bá ń rin nígbà gbogbo, gbòǹgbò kì yóò rí afẹ́fẹ́, yóò sì jẹrà. Ewé á wá máa pọ́n, ìyá ilé á rò pé òùngbẹ ni ó ń gbẹ ẹ́, á sì tún bu omi lé e. Ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ inú erùpẹ̀ náà dé oríkèé ìka àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣì tutù níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lu ihò sí ìdí agolo, kí ẹ sì po ilẹ̀dú mọ́ yanrìn díẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa jó ewé rẹ̀, òkùnkùn a sì máa pa àwọ̀ ìyeyè ara rẹ̀ rẹ́. Nítorí náà, ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé dé ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ti ta á. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ tútù nu eruku ara rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń retí òdòdó yóò retí pẹ́, nítorí èròjà tí ń mú ewéko tanná kò tó lára rẹ̀. Gígé ni a fi ń mú un pọ̀. Ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ni oríkèé wà, tí gbòǹgbò kékeré yọ ṣóńṣó lára rẹ̀. Ìsàlẹ̀ oríkèé yìí ni kí ẹ ti gé e. Ewé tí a já láìsí oríkèé kì yóò di ìtàkùn láéláé. Bí ẹ bá fi gígé náà sínú ìgò omi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, gbòǹgbò tuntun á jáde, ẹ óò sì lè gbìn ín.

Inú ìgò omi yìí gan-an ni ìyọnu kìíní wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù púpọ̀ nítorí ẹwà rẹ̀, tanwíji á sì kún inú rẹ̀. Ẹ̀fọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àmì funfun, èyí tí ń jẹni lọ́sàn-án, fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Láàrin ọjọ́ 7 sí 10, ẹyin rẹ̀ á ti di ẹ̀fọn tí ń fò. Òun ni ó ń gbé ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ kiri, èyí tí ó jà púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1987. Dída omi náà nù nìkan kò tó, nítorí ara ìgò ni ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́, ó sì lè wà ní gbígbẹ fún oṣù púpọ̀ láìkú. Ẹ pààrọ̀ omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi kànìnkànìn ha inú ìgò náà.

Ìyọnu kejì le jù. Ìbátan kókò ni ìtàkùn yìí, gbogbo yín ni ẹ sì mọ ohun tí kókò tí kò jinná ń ṣe sí ọ̀fun. Ohun kan náà, bí abẹ́rẹ́ kéékèèké tí ojú kò lè rí, wà nínú ewé àti ọ̀pá rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹnu á máa ta á, ètè àti ahọ́n á wú, itọ́ á sì máa dà. Ẹ yọ èyí tí ó kù kúrò lẹ́nu rẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ẹnu náà, kí ẹ fún un ní omi tútù tàbí wàrà mu. Ẹ má ṣe fi ìka rú u lọ́fun kí ó lè bì, ẹ má sì ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu, bí àwọn àgbà kan ti máa ń ṣe: epo náà lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọ̀fun bá ń wú tàbí tí èémí ń há a, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ewúrẹ́, ajá àti ológbò kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ pẹ̀lú.

Ẹ so ó kọ́ sókè. Bí ó bá fà dé ibi tí ọwọ́ ọmọ tó ń rákò lè tó, ẹ gé e kúrò níbẹ̀. Aládùúgbò yín lè ti máa wá èyí tí yóò gbìn.

Ìyá tí ó bi wá léèrè nípa aṣọ òfì tí kòkòrò ń jẹ nínú àpótí, a óò dá a lóhùn ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.