Orúkọ Lẹ́yìn Fọ́tò

 

Kò sí iṣẹ́ kan tí a ń ṣe níwájú òrìṣà tí a kì í kọ́kọ́ júbà. A ó júbà Olódùmarè, a ó júbà ilẹ̀, lẹ́yìn náà a ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tó ti lọ, láti orí ẹni tó tẹ̀ wá dé orí ẹni tó tẹ ẹni tó tẹ̀ wá. Nínú àwọn ilé tí gbòǹgbò wọn wà ní Cuba, ẹ ó gbọ́ orúkọ Latuán àti Obá Tero. Nínú àwọn ilé tí gbòǹgbò wọn wà ní Bahia, ẹ ó gbọ́ orúkọ Ìyá Nasò. Obìnrin ni gbogbo wọn. Ẹnu ni àwọn àgbà fi gbé orúkọ wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ wa, ẹnu náà ni àwa pẹ̀lú fi ń gbé wọn lọ. Síbẹ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ni pé ní ilẹ̀ àjèjì tí a wà yìí, ìbà ẹnu nìkan kò tó mọ́. Ó yẹ kí àwa olórìṣà máa yọ̀ǹda ara wa fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àdúgbò tí a ń gbé, pàápàá jù lọ níbi tí wọ́n ti ń wá ìtàn àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ la ọ̀nà.

Kì í ṣe ìwé kíkà ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá àgbà kan nínú ilé wa papò dà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń bọ òrìṣà ní Brooklyn, inú yàrá méjì tó ń gbé ni wọ́n sì ti bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa sínú òrìṣà. Àwọn ẹbí rẹ̀ tó wá kó ẹrù kì í ṣe olórìṣà. Wọn kò ní ibi lọ́kàn. Onílé ló ń béèrè yàrá rẹ̀. Nígbà tí a fi máa débẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ márùn-ún, àpótí fọ́tò rẹ̀ àti àwọn aṣọ òrìṣà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán ti bá ọkọ̀ akólẹ̀ lọ. Fọ́tò mẹ́rin péré ni a rí lábẹ́ ibùsùn. Obìnrin mẹ́fà ló dúró nínú ọ̀kan nínú wọn, gbogbo wọn wọ funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. A mọ ìyá wa. Àwọn márùn-ún yòókù, kò sí ẹnì kan nínú ilé wa tó lè dárúkọ wọn. Nígbà tí ọmọ tuntun kan bi mí pé ta ni ojúgbọ̀nà ìyá wa nígbà tí wọ́n ṣe òrìṣà fún un, mo dákẹ́. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin náà wà nínú fọ́tò yẹn, kí ó máa wò mí bí mo ṣe ń wò ó.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló mú mi ronú nípa Weeksville. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé ní Brooklyn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìbìkítà. Ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1827 ni ìpínlẹ̀ New York fi òpin sí ẹrú níní. Ní 1838, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ James Weeks, tó ń ṣiṣẹ́ ẹrù ní èbúté, ra ilẹ̀ síbẹ̀, àwọn mìíràn sì rà tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ rírà nígbà náà kọjá ọ̀rọ̀ ibùgbé, nítorí òfin sọ pé ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kò lè dìbò àfi bí ohun ìní rẹ̀ bá tó 250 dọ́là. Ní àárín ọ̀rúndún náà, ènìyàn tó lé ní 500 ti ń gbé ibẹ̀. Wọ́n ní ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, wọ́n ní ilé àwọn arúgbó, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí àti ìwé ìròyìn tiwọn. Ní 1863, nígbà tí jàgídíjàgan bẹ́ sílẹ̀ ní Manhattan tí wọ́n ń pa àwọn aláwọ̀ dúdú, Weeksville wà lára ibi tí wọ́n sá sí. Síbẹ̀, kò ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ lẹ́yìn náà tí ìlú ńlá ti gbé e mì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Àwọn wo ló jí i dìde? Ní 1968, James Hurley, òpìtàn tó ń darí ẹ̀kọ́ kan ní Pratt Institute, àti Joseph Haynes, awakọ̀ òfuurufú, gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré fò lórí àdúgbò náà. Wọ́n rí ilé onípákó àtijọ́ mẹ́rin lẹ́bàá ọ̀nà tó ń jẹ́ Hunterfly Road nígbà kan. Àwọn ará àdúgbò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ P.S. 243 yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n ń walẹ̀ wá ohun tó kù. Àwọn ọmọdé náà dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlú láti bẹ̀bẹ̀ fún àwọn ilé wọ̀nyẹn, ní 1970 sì ni ìgbìmọ̀ náà fi òfin dáàbò bò wọ́n. Obìnrin kan, Joan Maynard, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ayàwòrán, ló darí ẹgbẹ́ náà láti 1974 títí di 1999. Ọwọ́ àwọn tí a kò sanwó fún ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ilẹ̀ tí wọ́n wà ni fọ́tò obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ti jáde. Irin pẹlẹbẹ ni wọ́n yà á sí gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà. Ìyáàfin Weeksville ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ojú rẹ̀ nìkan ni a ní, a kò ní orúkọ rẹ̀.

Ẹ wá fi í wé Susan Smith McKinney Steward. Brooklyn ni wọ́n bí i sí ní 1847. Sylvanus Smith, bàbá rẹ̀, tó ń ṣòwò ẹlẹ́dẹ̀, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní ilẹ̀ ní Weeksville. Ní 1870 ni Susan gba ìwé ẹ̀rí, tó sì di obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ́ dókítà ní ìpínlẹ̀ New York. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Sarah Garnet, ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di ọ̀gá ilé ìwé ìjọba ní ìlú New York. Òun náà ló sì dá ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Brooklyn. Itẹ́ òkú Green-Wood ni wọ́n sin àwọn méjèèjì sí. Ilé ìwé kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ kọ ọ́, ìwé ìròyìn kọ ọ́. Ìyáàfin Weeksville lè jẹ́ aránṣọ, ó lè jẹ́ alágbàfọ̀ tàbí olùkọ́. A kò lè sọ. Kì í ṣe pé iyì ọ̀kan ju ti èkejì lọ. Ẹnì kan kọ orúkọ ọ̀kan mọ́ ọn, kò sí ẹni tó kọ ti èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé èyí kò kan òrìṣà. Ní Salvador, ìtàn ẹnu ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé Ìyá Nasò wà lára àwọn obìnrin tó dá ilé òrìṣà tí ayé mọ̀ sí Casa Branca sílẹ̀, àti pé òun àti Marcelina, tí orúkọ òrìṣà rẹ̀ ń jẹ́ Obatossí, rin ìrìn àjò padà sí Áfíríkà. Nígbà tí àwọn olùwádìí méjì, Lisa Earl Castillo àti Luis Nicolau Parés, fi sùúrù tú ìwé ìdásílẹ̀ ẹrú àti ìwé ìrìnnà, wọ́n bá obìnrin kan pàdé níbẹ̀ tó ń jẹ́ Francisca da Silva. Wọ́n fi hàn pé òun ni Ìyá Nasò, àti pé ọdún 1837 ló lọ, lẹ́yìn ìyà tí ìjọba fi jẹ àwọn ọmọ Áfíríkà nítorí ọ̀tẹ̀ 1835. Marcelina bá a lọ, ó sì padà wá sí Bahia. Ẹnu kò purọ́. Ìwé wá ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ilé náà ni ilé òrìṣà àkọ́kọ́ tí ìjọba Brazil kà mọ́ ogún orílẹ̀-èdè, ní 1984.

Àwa ńkọ́? Nígbà tí a bá ń sọ bí òrìṣà ṣe dé New York, orí Francisco Mora, babaláwo tó ti Cuba wá ní 1946, ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ sí. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wo ló kó àga kúrò ní pálọ̀ kí ìlù lè rí ààyè? Ta ló rán aṣọ ìtẹ́, ta ló se oúnjẹ ọjọ́ méje, ta ló mọ ilé ìtajà tí ewé tútù ti ń dé? Àwọn tó lè dáhùn ti ń lé ní ọgọ́rin ọdún.

Mo mọ èsì tí àwọn àgbà kan yóò fún mi: awo ni ọ̀rọ̀ wa. Mo gbà. Ohun tó jẹ́ ti inú yàrá òrìṣà kò gbọdọ̀ dé inú àpótí ẹgbẹ́ kankan, ìwé ìtá ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ilé. Ṣùgbọ́n ọdún tí ìyá wa wọ ọkọ̀ wá sí Amẹ́ríkà kì í ṣe awo. Ilé iṣẹ́ tó ti ránṣọ kì í ṣe awo, òpópónà tó gbé kì í ṣe awo. Bí a bá fi awo bo ohun tí kì í ṣe awo, a ó sọ àwọn ìyá wa di aláìlórúkọ.

Èsì kejì ni pé àwọn àjèjì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa rí, wọ́n fi kọ ìwé, a kò sì rí wọn mọ́. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àwa fúnra wa jókòó níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ìtàn tí èmi ń lọ ní ọjọ́ Sátidé, mo bá ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun nínú àpótí kan tí wọ́n kọ “ohun ọ̀ṣọ́” sí lára. Mo ṣàlàyé, wọ́n sì tún un kọ lójú mi. Ká ní n kò lọ, bẹ́ẹ̀ ni ì bá wà. Kò pọn dandan kí a fi ohunkóhun sílẹ̀ fún wọn pátápátá: a lè jẹ́ kí wọ́n ya ẹ̀dà rẹ̀, kí a mú ojúlówó rẹ̀ padà sílé. Bí a bá sì máa fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà nínú ìwé, kí ó sọ ẹni tó lè rí i, ìgbà tó lè rí i, àti ẹni tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Èsì kẹta ni pé kò sí àyè. Iṣẹ́ méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wákàtí méjì lóṣù kì í ṣe ẹrù tó wúwo jù. Ẹlòmíràn lè máa da orúkọ inú ìwé ìkànìyàn àtijọ́ kọ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn lè jókòó ti àgbà kan kí ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹlòmíràn lè fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ òkúta sàréè kí orúkọ ara rẹ̀ lè hàn. Ẹ̀yin ìyàwó pàápàá, tí ilé yín kò gbà kí wọ́n yà yín ní fọ́tò títí ọdún yín yóò fi pé, kò sí èèwọ̀ tó ní kí ẹ má kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò àwọn ìyá yín. Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ yín, kí ẹ sì bi í léèrè ìtàn ara rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé fọ́tò obìnrin mẹ́fà náà tọ ìyá àgbà kan lọ ní Bronx. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì gbé e lé e lọ́wọ́. Ó wò ó pẹ́, lẹ́yìn náà ó fi ìka kan obìnrin méjì, ó sì dárúkọ wọn, orúkọ ilé àti orúkọ òrìṣà. Mo fi pẹ́ńsù kọ wọ́n sẹ́yìn fọ́tò náà kí n tó dìde. Láti ìgbà náà ni a ti ń pè wọ́n nínú ìbà ilé wa. Ó ku mẹ́ta.