Kí Fásitì Òkìtìpupa Kọjú sí Òkun

Nígbà tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Benin yẹ àga gómìnà ìpínlẹ̀ Òǹdó mọ́ Ọ̀mọ̀wé Olúṣẹ́gun Agagu nídìí ní oṣù Kejì 2009, fásitì tí ìjọba rẹ̀ fi òfin dá sílẹ̀ sí Òkìtìpupa ní 2008 kò tíì ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo. Ohun tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ yìí ni pé bí ìjọba bá yí padà, iṣẹ́ ẹni tó lọ a di àpatì. Ti Òkìtìpupa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Ọ̀mọ̀wé Olúṣẹ́gun Mimiko, ẹni tó gba àga lọ́wọ́ Agagu, ló ṣílẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Tolú Odùgbèmí, tó ti ṣe gíwá UNILAG ṣáájú, ni gíwá àkọ́kọ́. Sáà 2010/2011 sì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. OSUSTECH ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Agagu kú ní oṣù Kẹsàn-án 2013. Nígbà tí Rótìmí Akérédolú dé orí àléfà, wọ́n fi orúkọ olóògbé náà sọ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún, OSUSTECH di OAUSTECH.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ti parí. Èyí tí kò tíì parí ni iṣẹ́ tí fásitì náà wà fún. Fásitì kékeré tó wà lójú ọ̀nà etíkun kò gbọdọ̀ máa bá àwọn fásitì ńlá du oríṣiríṣi ẹ̀kọ́. Òkun, odò àti ilẹ̀ tó yí i ká ló yẹ kó fi ṣe iṣẹ́, kó mọ̀ wọ́n débi pé ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìmọ̀ nípa wọn yóò kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà dúró sí ti tó ẹ̀rí. Ojú ọ̀nà Òkìtìpupa sí Igbókọ̀dá ló wà, ní kìlómítà kẹfà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ilẹ̀ ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́. Iwájú rẹ̀ ni Igbókọ̀dá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, níbi tí ẹni tó ń lọ sí Ayétòrò tàbí Awóyè yóò ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tí yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Abẹ́ ilẹ̀ pàápàá ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta ti fi orúkọ ìlú náà sọ òkè abẹ́ ilẹ̀ kan, Okitipupa Ridge, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kọ lórí ilẹ̀ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ẹkùn yìí kan náà ni ọ̀dà bitumen wà, èyí tí àwọn òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ wá láti nǹkan bí 1908. Agagu fúnra rẹ̀, ọmọ Ìjù-Odò, onímọ̀ ilẹ̀ ni. Ó kọ́ni ní Fásitì Ìbàdàn kó tó di olóṣèlú.

Ìgbé ayé akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ kò rí bíi ti Ifẹ̀ tàbí Àkúrẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń háyà ilé sáàárín ìlú, tí ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Maruwa ń gbé wọn lọ, tó ń gbé wọn bọ̀. Fún ohun tó lé lọ́dún mẹ́wàá, iná ìjọba kò tàn ní gúúsù ìpínlẹ̀ Òǹdó: Òkìtìpupa, Ìrèlè, Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò wà lókùnkùn. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọmọ tó wọlé gẹ́gẹ́ bíi jáńbáìtì lè kàwé gboyè láìrí iná NEPA lẹ́ẹ̀kan nílé tó háyà. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá kú á gbé fóònù lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gbowó ṣájì. Níbẹ̀, wáyà á lọ́ mọ́ wáyà lórí pátákó kan, jẹnẹrétọ̀ á máa bú lẹ́yìnkùlé, olúkúlùkù á sì lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù kí ẹlòmíì má baà gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibùdó amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n ṣí ní 2007, wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa kan náà. Ẹni tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sọ fásitì náà sì ti ṣe mínísítà iná mànàmáná àti irin rí. Nílẹ̀ tí wọ́n ti ń rí iná lókèèrè tí kò dé ilé wọn, ọ̀nà tí abúlé àti iléèwé yóò fi ní iná tiwọn ló yẹ kó jẹ́ ìwádìí àkọ́kọ́ fún fásitì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀rọ.

Ìṣòro tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà ní Ayétòrò. Ní 1947 ni àwọn ọmọ Ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó sétí òkun. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń náwó. Wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ní. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ nínú ilé àti ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn lọ. Láti 2004 ni àjọ NDDC ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde, síbẹ̀ ìlú náà kò rí ìdènà tó dá omi dúró.

Ìwọ̀n ilẹ̀ tí òkun ń jẹ lọ́dọọdún, ibi tí ìgbì ti le jù, bí omi iyọ̀ ṣe ń wọ kànga: ìbéèrè sáyẹ́ǹsì ni gbogbo rẹ̀. Bí aráàlú bá pariwo pé omi ti gba àdúgbò òun, tí kò sí àkọsílẹ̀ tó tì í lẹ́yìn, ẹkún lásán ni yóò jọ létí ìjọba. Bí fásitì tó wà nítòsí bá ní ìwọ̀n ọdún dé ọdún lọ́wọ́, agbaṣẹ́ṣe ìdènà òkun kò ní rí ibi fara pa mọ́ sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Temi Ológunòrìṣà, tó ti jẹ gíwá níbẹ̀, onímọ̀ ojú ọjọ́ ni, nítorí náà ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí ilé. Ó ku kó kúrò ní ti ẹnì kan, kó di ti ilé-ẹ̀kọ́ lódindi.

Ohun kékeré náà wà. Ẹ wo púpurú, oúnjẹ tí wọ́n fi ń mọ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ. Àwọn ìyá á bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ bíi mélòó kan títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á yọ okùn inú rẹ̀, wọ́n á mọ ọ́n roboto, wọ́n á wá tò ó sórí pẹpẹ lókè iná igi. Èéfín ló ń gbẹ ẹ́, ara rẹ̀ á sì dúdú; bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ ha dúdú náà kúrò. Bí wọ́n ṣe ń yan ẹja létí omi nìyẹn pẹ̀lú. Ojú àti àyà ìyá tó jókòó ti èéfín náà ló ń san gbèsè rẹ̀. Ààrò tí yóò gbé èéfín gba ibòmíràn, tí kò sì ní jẹ igi púpọ̀, kò kọjá agbára akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní ọdún ìkẹyìn. Ìwé ìwádìí lórí irú rẹ̀ yóò wúlò lọ́jà Igbókọ̀dá ju èyí tí ikán yóò jẹ lórí pẹpẹ ọ́fíìsì lọ.

Àwọn kan yóò ní òfin, ìṣègùn àti ìṣirò owó ni àwọn ọ̀dọ́ ń kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, pé fásitì tí kò bá ní wọn yóò pàdánù owó ìwọlé. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe àsọdànù, nítorí owó ìrànwọ́ ìjọba kì í tó, owó oṣù òṣìṣẹ́ kì í sì í dúró deni. Ṣùgbọ́n fásitì mẹ́ta ni ìjọba ìpínlẹ̀ Òǹdó ní: ti Àkùngbá ń kọ́ òfin, ti ìlú Òǹdó ń kọ́ ìṣègùn. Bí Òkìtìpupa bá tún gbé irú rẹ̀, àpò kan náà ni yóò sanwó ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, etíkun yóò sì wà láìní ẹni tó ń bójú tó o. Àwọn mìíràn á ní FUTA ní Àkúrẹ́ ń kọ́ ìmọ̀ òkun, pé ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀ sì ti wà ní Èkó láti 1975. Òótọ́ ni. Àmọ́ Àkúrẹ́ jìnnà sí omi, Èkó sì ní etíkun tirẹ̀ tó ń dà á láàmú.

Gánà ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní 1962, Fásitì Cape Coast bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 155, olùkọ́ iléèwé ni wọ́n sì ń kọ́ láti dà. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja àti omi tí wọ́n ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ ló bí ibùdó ìmọ̀ ààbò etíkun fún Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2019 pẹ̀lú ìrànwọ́ Báńkì Àgbáyé. Wọn kò tìtorí rẹ̀ pa iṣẹ́ olùkọ́ tì.

Kí ìgbìmọ̀ alákòóso OAUSTECH dá ibùdó ìwádìí kan sílẹ̀ sí Igbókọ̀dá tàbí Ayétòrò, pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi àti ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbì, kí wọ́n sì pe àwọn apẹja àti akanọkọ̀ Ìlàjẹ wá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí ìwé kò kọ. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sínú ọgbà, kó sì fi iná oòrùn sí i. Kí wọ́n tó tún dá ẹ̀ka tuntun kan sílẹ̀, kí wọ́n fi owó ibùdó yìí sínú ìsúná ọdún tó ń bọ̀, nítorí òkun Ayétòrò kò ní dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀.