Ẹni tí ó Wà Lẹ́yìn Ajá

Àwọn baba wa tí wọ́n bá ọdẹ wọ igbó kìjikìji, tí wọ́n sì mọ ìwà ẹran ilé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti mọ ti ẹran ìgbẹ́, ni wọ́n pa á lówe pé, "Ajá tí ó bá rí ẹni lẹ́yìn a pa ọ̀bọ." Nígbà tí ọmọ tálákà bá kàwé yanjú nítorí pé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ń san owó iléèwé, tàbí tí ọ̀dọ́mọdé oníṣòwò bá di ẹni ńlá nítorí ọ̀gá tí ó ń fún un lọ́jà àwìn, òwe yìí ni a fi ń rán an létí pé kì í ṣe agbára rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n òwe kì í ní ojú kan ṣoṣo. Àwọn àgbà kò sọ pé ohun tí ó yẹ ní pípa nìkan ni ajá tí ó rí ẹni lẹ́yìn ń pa. Bí ó bá pa ọ̀bọ lónìí, tí olúwa rẹ̀ jáde wá gba oríyìn, bí ó bá wá di ọ̀la tí ó pa adìẹ ìyàálé ńkọ́, ta ni yóò jáde wá gba ẹ̀bi?

Ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀ràn ojoojúmọ́. Ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Ìkòròdú àti ní ibi gbogbo tí ilé titun ti ń gba ipò oko, ìbẹ̀rù olè mú kí ọ̀pọ̀ onílé ra ajá sínú ọgbà, àwọn kan ajá ìbílẹ̀, àwọn mìíràn ajá Jámánì tí etí rẹ̀ nà ṣánṣán. Ọ̀wọ́n ẹran àti ẹyin sì mú kí àwọn ìyá ilé máa sin adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé, ìbá à ṣe òpìpì àti àwọn adìẹ ìbílẹ̀ yòókù, ìbá à ṣe Noiler tí ilé-iṣẹ́ Amo ní Awẹ́, lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ń pa fún àwọn olùsìn kéékèèké, tí ó wúlò fún ẹran tí ó sì wúlò fún ẹyin. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo adìẹ wọ̀nyí. Owó ìpamọ́ obìnrin ni wọ́n; àwọn ni a ń tà nígbà tí ara ọmọ bá gbóná lóru, àwọn ni a ń pa fún àlejò tí ó dé láìròtẹ́lẹ̀. Àgbébọ̀ tí ó fi ọjọ́ 21 sàba, tí ó wá da ọmọ sẹ́yìn tí ó ń kó wọn jẹ̀, kò ṣeé fi owó adìẹ kan ṣoṣo rọ́pò.

Nítorí náà, òwúrọ̀ ọjọ́ tí ajá bá já wọ àárín adìẹ, ìjà dé sínú ilé nìyẹn. Ìyá ilé yóò káwọ́ lérí pé, "Baba Ṣọlá, ẹ wá wo ohun tí ajá yín fojú mi rí!" Baba Ṣọlá yóò ní, "Ìyá Ṣọlá, mú sùúrù. Ṣé ajá yìí kọ́ ni kò jẹ́ kí olè wọlé lóṣù tó kọjá?" Àwọn ọmọ yóò dì mọ́ ajá, wọn yóò máa sunkún. Ẹnìkan yóò ní kí a tà á fún àwọn tí ń jẹ ajá, ẹlòmíràn yóò ní kí a so òkú adìẹ mọ́ ọn lọ́rùn kí a sì nà án títí yóò fi kọ ẹran adìẹ láyé. Olúkúlùkù ń wo ajá. Kò sí ẹni tí ó yíjú wo ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ìdí tí ajá fi ń ṣe é. Ebi kọ́, nítorí ajá tí ó jẹ àmàlà yó a máa pa adìẹ mẹ́wàá láìjẹ ẹyọ kan. Ìran ìkookò ni ajá, ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti ìṣẹ̀dálẹ̀ ni pé kí ó wò, kí ó yọ́ rìn, kí ó lé, kí ó gbé ṣánlẹ̀; adìẹ tí ó bá sì ń fapá lulẹ̀ tí ó ń ké ni ó ń ta ìfẹ́ ìlépa yìí jí. Bí ọ̀kan bá ti dákẹ́, òmíràn a fapá, eré a tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Hans Kruuk kọ̀wé ní 1972 nípa àwọn kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí wọ́n pa ọ̀pọ̀ ẹyẹ òkun ní òru òkùnkùn, tí wọ́n sì fi púpọ̀ wọn sílẹ̀ láìjẹ, nítorí pé ẹran tí kò sá kò jẹ́ kí ọwọ́ apani sinmi. Adìẹ tí a há mọ́ inú ọgbà kò ríbi sá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe ajá ní ìkà tàbí olè ń fi òfin ènìyàn dá ẹran lẹ́jọ́.

Nínà kò sì ṣe é. Ohun tí ajá ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìyà dé ni ó ń so mọ́ ìyà. Bí a bá pè é ní wákàtí kan lẹ́yìn tí adìẹ ti kú, tí ó ń juru bọ̀, tí a wá lù ú, ohun tí ó kọ́ ni pé ìpè olúwa rẹ̀ ń mú ìrora wá. Lọ́jọ́ mìíràn tí a bá pè é kúrò nídìí adìẹ, sísá ni yóò sá. Òkú adìẹ tí a so mọ́ ọn lọ́rùn kò sì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Ẹ wá wo ọdẹ. Ajá rẹ̀ tí ó so ṣaworo mọ́rùn, tí ó ń lé ọ̀yà àti òkété nínú igbó, a padà wálé, a sùn sí ẹ̀bá ògiri, adìẹ a sì máa ṣa àgbàdo nítòsí imú rẹ̀. Àárín adìẹ ni ọdẹ ti wò ó láti kékeré, ohùn tí ó ń sọ fún un pé "Mú un!" náà ni ó sì ń sọ pé "Fi sílẹ̀!" Àwọn ọ̀mọ̀wé Scott àti Fuller, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún wo ọmọ ajá ní Bar Harbor ní Amẹ́ríkà, fi hàn nínú ìwé wọn ní 1965 pé láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkejìlá ni ọmọ ajá ń gba ohun tí ó bá bá pàdé ní ojúlùmọ̀. Ajá tí a rà nígbà tí ó ti dàgbà nínú àgò, tí kò rí adìẹ rí, kò ní ẹni tí ó dà bí ọdẹ yẹn lẹ́yìn. Ẹni tí ń fún un lóúnjẹ ni ó ní, kò ní ẹni tí ń dá a lẹ́kun.

Bí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀, kí onílé mú ajá kúrò ní pẹ̀lẹ́, kí ó dè é, kí ó sì kọjú sí ilé adìẹ. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ta níwọ̀n ọ̀pá lè dá adìẹ dúró sínú, ṣùgbọ́n eyín ajá yóò fà á ya. Wáyà tí ó nípọn ni kí a fi ṣe é, kí a rì í wọlẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan nítorí ajá a máa gbẹ́lẹ̀, kí a sì bo òrùlé. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀kọ́: kí a máa fi okùn mú ajá dé ìtòsí adìẹ lójoojúmọ́, kí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò fi ní gbóná, kí a fún un ní ẹran díẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá yíjú kúrò lára wọn sọ́dọ̀ wa, kí a sì máa mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nítorí ajá tí a so mọ́lẹ̀ láti oṣù dé oṣù kò lè ní sùúrù. Síbẹ̀, ajá tí ó ti pa adìẹ rí, bí ó ti wù kí ó rọ̀ tó, a kì í fi í sílẹ̀ pẹ̀lú adìẹ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Bí agbára kò bá ká èyí, kí a fi í fún ẹni tí kò sin adìẹ, kí a sì sọ òótọ́ ìwà rẹ̀ fún un.

Adìẹ aládùúgbò ni ó wá le jù. Òfin Mósè nínú Ẹ́kísódù orí 21 ti sọ ọ́ pé bí a bá mọ̀ pé màlúù kan a máa kàn, tí olówó rẹ̀ kò sì sé e mọ́, màlúù ni yóò fi san màlúù. Òfin ẹranko ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe ní 1971, tí ó de àwọn ọmọ wa tí ń gbé Lọ́ńdọ̀n pẹ̀lú, tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ: bí ajá bá pa ẹran ọ̀sìn, tí adìẹ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹni tí ó ń tọ́jú ajá ni yóò san án, ìbá à jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, àfi bí gbogbo ẹ̀bi bá wà lọ́wọ́ aládìẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Kí aládìẹ tó figbe ta ni kí alájá ti mú owó dání, kí ó lọ kan ilẹ̀kùn, kí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ajá mi ló pa á." Ìyá Ṣọlá pàápàá, kí ọkọ rẹ̀ san tirẹ̀ fún un: ẹni tí ó gba ìyìn ọ̀bọ ni ó jẹ gbèsè adìẹ.

Bí ó ti rí nílé ni ó rí nígboro. Òbí tí ń gbèjà ọmọ rẹ̀ ní gbogbo ìjà láìbéèrè ẹni tí ó jẹ̀bi, àti olóṣèlú tí ń bọ́ jàǹdùkú ní àkókò ìdìbò, kí wọ́n má sọ lọ́la pé àwọn kò mọ̀dí ohun tí wọ́n tì lẹ́yìn. Àtìlẹ́yìn kò pé láìsí ìdálẹ́kun. Nítorí náà, ìwọ tí o ń múra láti ra ọmọ ajá, kọ́kọ́ kọ́ ilé adìẹ tí ó lágbára, mú un wọlé ní kékeré, fi ojú rẹ̀ mọ adìẹ, kọ́ ọ ní "Fi sílẹ̀" kí o tó kọ́ ọ ní "Mú un". Bí o kò bá sì ní àyè fún iṣẹ́ yìí, má rà á.