Ẹkún Àgbà Nídìí Kátúùnù

Kò sí ìtìjú kankan nínú kí àgbàlagbà sunkún nídìí fíìmù kátúùnù. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn tó máa ń fi irú ẹkún bẹ́ẹ̀ bú ọmọkùnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ẹ wo Coco, fíìmù tí iléeṣẹ́ Pixar gbé jáde lọ́dún 2017, tó sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2018. Nínú fíìmù náà, Miguel, ọmọ ọdún 12 ní Mẹ́síkò, kọrin fún ìyá arúgbó ilé wọn tí ogbó ti fẹ́ gba ìrántí baba rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orin náà ló jí ìrántí ọ̀hún. Omijé bọ́ lójú mi níbẹ̀. Lóòótọ́, àwòrán ni Miguel, àmọ́ kò sí ilé tí irú ìbànújẹ́ yẹn kò dé rí. Ohun tí fíìmù náà ń sọ ni pé ìgbà tí kò bá sí alààyè tó rántí òkú mọ́ ló tó kú tán. Ìjẹ̀bú mọ èyí dáadáa. Níbi ayẹyẹ Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá, ìdílé Balógun Kúkù ṣì ń gun ẹṣin lọ kí Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, lórúkọ baba ńlá wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ jókòó wo irú fíìmù báyìí pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Bí ọmọkùnrin bá sunkún, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ ki oríkì baba ńlá rẹ̀ fún un.