Lẹ́tà Láti Nottingham: Gẹ̀ẹ́sì Tí Wọn Ò Kọ́ Wa Nílé Ìwé

Ẹ̀yin ará ilé mi,

Ẹ̀yin tí ẹ ti yege ìdánwò IELTS, tí ẹ ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti wá ṣiṣẹ́ níbí, ẹ̀yin ni mo dìídì kọ ìwé yìí sí. Ẹ kú oríire. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì inú ìdánwò yẹn kọ́ lẹ máa bá nígboro.

Ní Nottingham níbí, "duck", ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ, ni tọkùnrin tobìnrin ń pe ara wọn. Bẹ́ ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì, dírẹ́bà lè ní, "Ey up, me duck." Ẹ má wo dígí bóyá ìyẹ́ ti hù lára yín o, ó ń kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà ni. Màmá àgbà kan tí mò ń tọ́jú máa ń yọjú lójú fèrèsé, á wo sánmà tó ṣú dẹ̀dẹ̀, á ní, "It's black over Bill's mother's." Òjò ń bọ̀ ló ń wí. Ta ni Bill, ibo ni ìyá rẹ̀ ń gbé? Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Bí màmá bá rí mi pẹ̀lú súwẹ́tà méjì, á ní mo ti "nesh" jù, torí òtútù tètè ń mú mi.

Búrẹ́dì roboto tí wọ́n ń pè ní "cob" níbí, "barm" ni ní Manchester, "batch" ni ní Coventry. Bí ará àríwá bá sì pè yín wá jẹ "tea", ẹ má jẹun yó kẹ́ ẹ tó lọ. Oúnjẹ alẹ́ ni.

Ti àwọn Cockney ní ìlà-oòrùn London ló wá légbá kan. Láti sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni wọ́n ti ń fọ ẹnà tiwọn. Àpólà tí ìparí rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ kan dún bákan náà ni wọ́n fi ń rọ́pò ọ̀rọ̀ ọ̀hún: "stairs" di "apples and pears", "phone" di "dog and bone". "Head" di "loaf of bread". Wọ́n gé "bread" dànù, ó ku "loaf". Bí wọ́n bá ní "Use your loaf", ọpọlọ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ lò.

Nítorí náà, bọ́rọ̀ ò bá yé yín, ẹ béèrè láìtijú. Ará Newcastle pàápàá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ará London.

Ẹ̀kọ́ wà nínú èyí fáwọn tó wà nílé náà. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tẹ́ ẹ ń gbowó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ torí ó sọ Yorùbá ní kíláàsì, tẹ́ ẹ ń fọmọ Èkìtì ṣẹ̀sín torí ohùn ìlú rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ jáwọ́. Ẹni tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an ò ju ohùn abúlé rẹ̀ nù.

Èmi ni,
Ọmọ yín ní Nottingham.